Osùn Lára Píníọ̀nù

Ọjọ́ Ajé, 4 Ọ̀wàrà 1976

Papa Bíríkì gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ṣẹ́ẹ̀dì mi lónìí. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìkóríta Lalala kí n tó rí i. Pijó alẹ́yìn gígùn ni, èyí tí wọ́n ń pè ní familiale níbí. Wọ́n ṣe é fún ìdílé, òun fi ń kó sìmẹ́ǹtì. Gbogbo Libreville ló ń kọ́lé báyìí, owó epo ti gun àwọn èèyàn lórí, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ bíríkì. Ẹrù tírélà ni Pijó yẹn ti ń rù láti ọdún méjì. Epo jíà ẹ̀yìn rẹ̀ jò tán, bàbá ò bojú wò ó. Ó wá ń hu bí ajá lóru. Kì í ṣe híhu kékeré o. Èèyàn méjì tó bá jókòó nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n máa fọwọ́ bára wọn sọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀: Gaston lorúkọ tí wọ́n fi sàmì fún Papa Bíríkì, ṣùgbọ́n bàbá Kíkẹ́lọmọ ló jẹ́ fún mi. Kíkẹ́lọmọ — K. — lẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya. Gbogbo èèyàn mọ̀. Kò sí ẹni tó tíì sọ ọ́.

Bàbá wò mí, ó fọwọ́ gbá orí ọkọ̀. Ó ní, "Cyprien, lọ́jọ́ tí mo bá wa ọkọ̀ yìí láti ilé mi ní Kalikak dé Owendo, tí mo padà, tí mi ò gbọ́ híhu kankan, lọ́jọ́ yẹn ni kí o wá jókòó ní pálọ̀ mi, kí o sọ ohun tó wà nínú rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, sórí ilẹ̀ tí mo ti da ọ́ìlì sí láàárọ̀. Ṣòkòtò kan ṣoṣo tó mọ́ ti lọ.

Ìyá Kíkẹ́ ò fẹ́ mi. Ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń wá fún ọmọ rẹ̀. Jean-Claude kan wà tó ń so tái, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ elépo kan, nínú yàrá tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ òtútù. Fìríìjì ni mo ń pè é. Fìríìjì ò mọ̀ pé ọkọ̀ ní ẹ̀yìn. Ó jókòó, ọkọ̀ lọ, ó tán.

Kò burú. Ọkọ̀ kan ò tíì ti ọwọ́ mi jáde rí kó máa hu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ọ̀wàrà

Mo tú ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó bà mí nínú jẹ́. Eyín jíà ti jẹ tán. Jíà méjì ló wà níbẹ̀: kúráùn, ìyẹn ńlá tó rí roboto bí adé, àti píníọ̀nù, ìyẹn kékeré tó wà lórí ọ̀pá, tó ń fi eyín tirẹ̀ yí kúráùn. Papa Bíríkì ti ra méjèèjì ní tuntun. Ó ku kí n tò wọ́n. Títò yẹn gan-an niṣẹ́.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ, ìwé, torí kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ gbọ́. Píníọ̀nù gbọ́dọ̀ wọlé dé ibi tó yẹ kó dé. Bó bá wọlé jù, ó hu. Bó bá jáde jù, ó hu. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ò nípọn ju fọ́nrán irun lọ. Wáṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la fi ń ṣe é. Fi kún ẹ̀yìn píníọ̀nù, ó wọlé sí i. Yọ níbẹ̀, ó jáde. Báwo la ṣe ń mọ ibi tó wà? A ó kun eyín kúráùn, a ó yí i, a ó wá wo ibi tí píníọ̀nù ti fara kàn án. Òkè eyín — ó jìnnà jù. Ìdí eyín — ó wọlé jù. Àárín — kí a máa dúpẹ́.

Òyìnbó ní kíkùn tirẹ̀, inú túùbù ló wà. Ọ̀gá mi ní Àjàṣẹ́ ò lò ó rí. Osùn ló ń lò, osùn àti gírísì díẹ̀. Osùn máa ń lẹ̀ mọ́ irin, kì í parọ́. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe é títí màá fi kú.

Mo lọ rà á lọ́wọ́ Màmá Célestine, obìnrin Sákétẹ́ tó ń ta ọṣẹ dúdú àti egbòogi lọ́jà. Ó ní ta ló bímọ. Mo ní kò sẹ́ni tó bímọ. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi osùn ṣe nígbà náà, àbí èmi ni mo fẹ́ kun ún sẹ́sẹ̀. Mo ní kí ló kàn án, ṣé owó mi ò dára ni. Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ó ní ti ọmọ tuntun nìyẹn, òun kì í gbowó rẹ̀.

Oòrùn ti pa obìnrin yẹn.

Ọjọ́rú, 6 Ọ̀wàrà

Ìgbà kìíní. Òkè eyín. Ó jìnnà jù. Ọwọ́ mi pupa dé ìgúnpá, ọṣẹ ò ràn án.

Ọjọ́bọ̀, 7 Ọ̀wàrà

Ìgbà kejì. Mo fi wáṣà kan kún un — kan ṣoṣo! — ó di ìdí eyín. Ó ti wọlé jù. Kí n tó lè yọ wáṣà yẹn, àfi kí n fa bẹ́árìn kúrò lọ́rùn píníọ̀nù, bẹ́árìn ò sì fẹ́ kúrò. Mo bú u. Mo bú bàbá ẹni tó rọ ọ́. Mo bú sìmẹ́ǹtì.

Ràsákì, wẹ́dà tó ń jó irin ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, mú ọṣẹ wá fún mi àti pàùdà. Ó ti rí ọwọ́ mi. Ọ̀rẹ́ gidi. Ó tilẹ̀ ra ọṣẹ tó rọ̀, tó ń ta sánsán, tí wọ́n ya ọmọ jòjòló sára páálí rẹ̀. Ó gbá mi léjìká, ó ní ọkùnrin kì í sá fún ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bó ti wù kó le tó. Mo ní ó ṣeun, kò sí sísá, màá tò ó títí yóò fi dákẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń ké lóru ní oṣù àkọ́kọ́.

Mi ò mọ ìgbà tí Ràsákì kọ́ nípa ẹ̀yìn ọkọ̀.

Mi ò lè fi píníọ̀nù sílẹ̀ ní ṣẹ́ẹ̀dì, olè pọ̀ ní Lalala. Mo ra aṣọ funfun tó mọ́, mo wé e kí eruku má bà á, mo gbé e sáyà lọ sílé. Ẹ̀yìn Ẹ̀wọ̀n ni mo ń gbé, yàrá kan. Àwọn ará ibí ń pè é ní Derrière la Prison. Bákan náà ló rí lédè méjèèjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Ọ̀wàrà

Òjò. Osùn tán. Mo tún lọ ra sí i, Màmá Célestine ò bi mí ní nǹkan kan lónìí, ó kàn ń mi orí.

Obìnrin ará ibí kan dìde fún mi nínú táàsì pé kí n jókòó. Ó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó rọra sá fún kòtò. Ó wo aṣọ tí mo gbé mọ́ra, ó ní, "Il dort?" — ṣé ó ń sùn ni. Mo ní rárá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gírísì pa á ni, ọ̀la ni màá tún fi òòlù lù ú díẹ̀ kó lè wọlé. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé kò tíì tó ibi tó ń lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Ọ̀wàrà

K. wá. Bàtà gíga, nínú ẹrẹ̀ Lalala. Mo ní ìfẹ́ ló gbé e wá. Ìbínú ni. Bó bá ti ń bínú, Yorùbá rẹ̀ máa ń sá lọ ni. Ó ní, "Cyprien, c'est vrai? Ṣé òótọ́ ni? O ní bébé?"

Mo ní bébé wo.

Libreville ni wọ́n bí K. sí. Ó gbọ́ Yorùbá tó láti fi kí àgbà, ó sì gbọ́ ọ tó láti fi bú èmi. Ṣùgbọ́n kò mọ osùn. Ó ní òun ò mọ ohun tí pupa ọwọ́ mi ń sọ, àmọ́ gbogbo obìnrin wa ní Kalikak mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ní ọmọ tuntun nìkan ni wọ́n ń fi osùn pa lára. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rà á. Wọ́n ní mo ń gbé ọmọ kiri nínú aṣọ funfun. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Bàbá rẹ̀ ò jẹun.

Ìgbà yẹn ni ọṣẹ Ràsákì yé mi. Táàsì yé mi. Orí mi gbóná. Mo fà á lọ́wọ́ lọ sídìí ọkọ̀, mo ṣí aṣọ, mo ní ọmọ mi rèé, wò ó dáadáa, ó jọ mí. Mo ṣàlàyé wáṣà fún un, òkè eyín, ìdí eyín. Ó fọwọ́ tọ́ kúráùn. Ó gbé píníọ̀nù wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà, ó ń nu omijé pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Ó gbà mí gbọ́! Ó ní òun máa lọ bá wọn sọ ọ́ nílé.

Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí. Ó ń dùn mí láyà. Mo kọrin délé.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Ọ̀wàrà

Mi ò ronú nípa ọwọ́ rẹ̀.

K. dé ilé wọn pẹ̀lú osùn lọ́wọ́, osùn lójú, osùn lára búláòsì funfun. Kó tó yanu, ọ̀rọ̀ ti dé Owendo. Wọ́n ní mo mú un lọ wo ọmọ náà. Wọ́n ní ó gbé e, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi osùn pa á. Wọ́n ní ó ti gbà láti jẹ́ ìyàwó kejì, ẹni tí kò tíì di ìkíní. Bó ṣe ń sọ pé irin ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé áà, Cyprien ti fún un ní oògùn jẹ.

Papa Bíríkì rán Ràsákì sí mi. Kí n tún ọkọ̀ òun ṣe, kí n gbowó iṣẹ́ mi, kí n má sì fẹsẹ̀ kan pálọ̀ òun láéláé.

Mo ju sípánà mọ́ ògiri. Ó ta padà, ó bà mí lórúnkún.

Ọjọ́ Ajé, 11 Ọ̀wàrà

Ìgbà kẹta. Òkè eyín. Orúnkún wú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Ọ̀wàrà

Ìwé, ó kù díẹ̀ kí n sá kúrò ní Gabon lónìí.

Mo dé ṣẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, mo bá èèyàn níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Pa Barthélemy, olórí àwa Nàgó ní Lalala, wọ agbádá. Oyin, iyọ̀, orógbó, omi tútù nínú igbá. Màmá Célestine. Ràsákì, tó ti wẹ̀, tó ti pa irun. Wọ́n ti kà á láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ra osùn, ó di ọjọ́ kẹjọ lónìí, wọ́n sì ti jókòó pinnu pé ìtìjú bàbá kò gbọdọ̀ sọ ọmọ di aláìlórúkọ. Wọn ò wá jà. Àánú mi ló ṣe wọ́n. Ìyẹn ló tún mú un burú sí i.

Èmi rèé, mò ń tiro bọ̀, píníọ̀nù nínú aṣọ funfun láyà mi.

Wọ́n dìde. Obìnrin kan ké ayọ̀. Pa Barthélemy na ọwọ́ méjèèjì. Kí ni kí n ṣe? Àgbà kì í nawọ́ kéèyàn má fi nǹkan sí i. Mo gbé e fún un. Ọwọ́ rẹ̀ já wálẹ̀ dé orúnkún. Ó ní, "Ọmọ yìí mà wúwo o." Ó ṣí aṣọ.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là. Mo pariwo. Mo sọ ti wáṣà, mo sọ ti eyín, mo sọ ti ọ̀gá mi ní Àjàṣẹ́, mo ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni irin yìí ti wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti jáde, mo ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ń sọmọ lórúkọ!

Pa Barthélemy yí irin náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ló wọlé tó jáde, tó tún wọlé tó tún jáde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àbíkú ni. Ó ní oyin ti wà ní ṣíṣí, òun náà ti wọ agbádá, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ó fi oyin kàn án. Ó fi iyọ̀ kàn án. Mi ò jẹ́ kó da omi sí i, irin ni. Ó sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ràsákì fún un ní tirẹ̀, Dúrósinmi. Màmá Célestine ń wo ilẹ̀, àmọ́ òun ló ṣe àmín tó ròkè jù. Wọ́n jẹ orógbó, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n lọ.

Mo ní ó parí nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, K. ránṣẹ́ sí mi. Ìyá rẹ̀ ti wí nílé pé mo gbé ọmọ pamọ́, mo fi irin rọ́pò. Bàbá rẹ̀ sì gbà á gbọ́.

Ọjọ́rú, 13 Ọ̀wàrà

Wáṣà tó nípọn jù wà, èyí tó fẹ́lẹ́ jù wà, èyí tí mo fẹ́ ò sí ní gbogbo Libreville. Mo mú èyí tó nípọn, mo tẹ́ sáńdípépà sórí gíláàsì, mo ń gbo ó. Díẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Díẹ̀ sí i. Láti àárọ̀ títí ọ̀sán. Ràsákì wá bẹ̀ mí, mo ń gbo wáṣà mi lọ.

Ìgbà kẹrin. Mo kun osùn. Mo yí i. Mo dijú. Mo là á.

Àárín.

Àárín gangan, lára gbogbo eyín, bí ẹni pé èèyàn kan ṣoṣo ló fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, ọ̀gá mi gan-an ò ṣe irú rẹ̀ lójú mi rí. Mo fẹ́ kí K. rí i. Mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ọ̀wàrà

Mo tò ó pọ̀, mo dé e, mo bu ọ́ìlì tuntun sí i. Mi ò gbé nǹkan kan lọ sílé lónìí. Ọwọ́ mi ò mọ ibi tó máa wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Ọ̀wàrà

Kí n rọra kọ ọ́, kí n má gbàgbé ọ̀kan.

Papa Bíríkì wá gbé ọkọ̀. Kò dáhùn ìkíni mi. Ó ní kí n wọlé, kí n jókòó síwájú, kó bá hu kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ìyá Kíkẹ́ ti wà lẹ́yìn, ó wé gèlè, ó ní òun ni ẹlẹ́rìí. Mo kí i, ó wo ojú fèrèsé.

A gbéra, ó di títì Owendo. Ogójì. Ọgọ́ta. Ọgọ́rin.

Kò sí nǹkan kan. Kò sí o! Mo gbọ́ atẹ́gùn. Mo gbọ́ táyà lórí ọ̀dà. Mo gbọ́ àga tó ń dún lábẹ́ Papa Bíríkì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn dákẹ́ bí ọmọ tó mu ọmú yó. Mo yọ́jú wo bàbá. Ó ti tẹ etí sílẹ̀, iwájú orí rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀. Mo ní bó bá tilẹ̀ kórìíra mi, kò lè kórìíra iṣẹ́ yìí.

Ìgbà yẹn la gbọ́ Ìyá Kíkẹ́.

Ó ń gbàdúrà. Kò pariwo, ohùn jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni tó nìkan wà ní yàrá. Ọdún méjì ni ọkọ̀ yẹn fi hu, ọdún méjì náà ló fi ń jókòó sẹ́yìn bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ ohun tó wù ú, torí kò sẹ́ni tó lè gbọ́. Ó ti mọ́ ọn lára. Kò fura pé ariwo ti lọ.

Ó ní, "Olúwa, Ìwọ náà rí mi. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Célestine ló bi mí, ó ní ta ló bímọ fún Cyprien. Mo mọ̀ pé kò sọ́mọ. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe mẹkáníìkì ní Àjàṣẹ́, osùn ni gbogbo wọn fi ń wo eyín irin, ọdún méje ni mo fi fọ osùn kúrò láṣọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, Olúwa. Mo kàn ní 'hùn-ún' ni. 'Hùn-ún' kì í ṣe irọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún díẹ̀, kí Célestine lè rí i."

Mi ò mí. Papa Bíríkì ò mí.

"Ọmọ náà ò níwà burúkú, ó kàn ń bínú jù. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n Ẹ̀yìn Ẹ̀wọ̀n ló ń gbé, Olúwa, yàrá kan, osùn lára ògiri. Fífọ̀ yẹn bó mi lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kó bó ọmọ mi lọ́wọ́. Dárí jì mí. Kó o sì ta Jean-Claude jí kó sọ̀rọ̀, torí ọmọ yẹn lọ́ra. Àti ọkọ mi yìí…"

Papa Bíríkì dín eré kù. Ogójì. Ọgbọ̀n. Kò fẹ́ kí ọ̀kan fo òun.

Ti ọkọ pẹ́ o. Mi ò ní í kọ ọ́ síbí, bàbá ìyàwó ni. Ẹ̀rọ bíríkì wà níbẹ̀, híhan-anrun wà níbẹ̀, fìlà kan tí kì í fọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní àmín. Ó gbójú sókè. Ó rí ẹ̀yìn orí wa méjèèjì, bá a ṣe le gbagidi.

Ó ní, "Ó ti dákẹ́ ni?"

Mo ní, "Ó ti dákẹ́, Màmá."

Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní ó dáa, a ti gbọ́ ọ, òun ò sì kó ọ̀kan padà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Ọ̀wàrà

Papa Bíríkì gbé ọkọ̀ wá lẹ́yìn ìsìn, òun nìkan. Ó jókòó lórí àpótí sípánà. Ó ní òun bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ó ní kí àwọn èèyàn mi wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ilẹ̀kùn pálọ̀ ti ṣí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣòkòtò kejì lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò tètè dìde.

Bàbá náà ò dìde. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Cyprien, ọmọ mi. Ariwo yẹn."

Mo ní ariwo wo.

Ó ní ìyàwó òun ń sọ̀rọ̀. Ó ní láti Owendo dé Kalikak ló sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà ilé ìsìn, lọ àti bọ̀. Ó ní nílé ẹ̀rọ bíríkì ń dún, òun kì í gbọ́. Nínú ọkọ̀, ẹ̀yìn ń hu, òun kì í gbọ́. Òun ti rò pé àwọn jẹ́ tọkọtaya tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ṣé mi ò lè dá díẹ̀ padà síbẹ̀? Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Díẹ̀. Kí n gbé ọkọ̀ náà wá lọ́la. Bí òun bá gbọ́ nǹkan, ọjọ́ Àìkú dúró. Bí òun ò bá gbọ́ nǹkan, a ó tún jọ rò ó.

Wáṣà kan ni. Wáṣà kan ṣoṣo ni kí n yọ.

Ọjọ́ Ajé, 18 Ọ̀wàrà

Mo gbé Pijó sórí jáàkì láàárọ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì kan. Mo tú ìkejì. Mo wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń bú Papa Bíríkì, mò ń bú ara mi. Iṣẹ́ tó dára jù tí ọwọ́ mi ṣe rí láyé! Ṣùgbọ́n ìyàwó ju irin lọ. Ṣé kò jù ú lọ ni? Mo bi ọkọ̀, ọkọ̀ ò dáhùn.

K. yọjú, ó sá wá láti ibi iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rí ojú mi lábẹ́ ọkọ̀. Mo sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí. Mo ní ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Et moi? Èmi náà, ẹnu mi pọ̀ bíi ti Maman. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà máa wá ariwo?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí ó fi dé títì.

Mo de nọ́ọ̀tì méjèèjì padà. Mo dè wọ́n le.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo wa ọkọ̀ dé Kalikak. Ajá kan sùn sójú ọ̀nà, kò gbọ́ mi, àfi ìgbà tí mo fun fèrè. Papa Bíríkì ti dúró síta, ó tẹ etí. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn ni ojú rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ̀rù ń bà mí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ máà bínú, mi ò dá ariwo yẹn padà. Ẹ fún mi lọ́mọ, ẹ má fún mi lọ́mọ, ọkọ̀ ò ní í ti ọwọ́ mi jáde kó máa hu." Mo rò pé mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Gbogbo àdúgbò ló yọjú.

Ìyá Kíkẹ́ náà yọjú. Ó ní, "Ariwo wo?"

Papa Bíríkì fi ojú bẹ̀ mí. Mo rí i. Mo sì sọ ọ́ tán pátápátá, láti orí àpótí sípánà dórí wáṣà.

Ìyá Kíkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó wo ọkọ̀. Ó wá yíjú sí èmi. K. wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Kíkẹ́ ní osùn mi, èmi ni màá máa fọ̀ ọ́. Lójoojúmọ́, ọwọ́ ara mi. Ṣé mo gbọ́? Mo ní mo gbọ́, Màmá. Ó ní kí àwọn èèyàn mi tètè dé lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n sì jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé, torí òun ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ.